Ìwé 24 ni mo dá lọ́dún yìí, márùn-ún péré ni mo tíì kà

Ọmọ Mókọ́lá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òǹkàwé ẹgbẹ́ mi. Oṣù Kìíní ni mo fi ara mi sí ìpèníjà ìwé kíkà ọdún yìí. Mo kọ 24 sórí Goodreads, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí òǹkàwé ti ń ṣírò ìwé tó kà: 12 yóò jẹ́ àtúnsọ ìtàn ìwáṣẹ̀, 12 yòókù yóò jẹ́ ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì. Oṣù Keje ti wọlé báyìí, márùn-ún péré ni mo tíì parí. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí fóònù ló ń sọ fún mi pé ìwé méje ti jẹ mí sílẹ̀.

Kì í ṣe pé n kò fẹ́ràn ìwé. Iṣẹ́ akọ̀wé ni mò ń ṣe n'Íbàdàn. Aago márùn-ún ni mò ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kí n tó délé, kí n tó dáná, ilẹ̀ ti ṣú, oorun ti kún ojú. Ohun tó tún wá ń dùn mí ni pé mo parí Circe, ìwé Madeline Miller, lóṣù Kẹta, inú mi dùn títí mo fi kà á tán, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí lónìí pé kí ló wà nínú rẹ̀, gbólóhùn méjì ni mo lè sọ. Ó dà bí ẹni tó jẹun tí kò yó.

Ṣé kí n dín iye yẹn kù ni? Èwo ni kí n kọ́kọ́ kà? Níbo lẹ ti ń rí ìwé yín, nígbà tí ìwé ti wọ́n bí ojú báyìí?

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ojú ewé 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 365, 7,300 ni. Bí ìwé kan bá jẹ́ ojú ewé 300, ó ju 24 lọ díẹ̀. Ogún ojú ewé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan yẹn ló ń bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ṣọ́ọ̀bù aṣọ ni mo ní. Láàárín aago méjì sí mẹ́rin ọ̀sán, ọjà a máa dá. Ìwé mi wà lábẹ́ káńtà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá tí mo fi ń wọn aṣọ. Kí n tó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo ti ka 20 tèmi. N kì í mú ìwé délé rárá, àwọn ìbejì ló ni alẹ́. Ẹ wá ibi tí ọjọ́ tiyín ti ń dá, kí ẹ fi ìwé síbẹ̀. Ẹ má fi sí ìgbà tí ó ti rẹ̀ yín.

Olùkọ́ Lítíréṣọ̀

Àbúrò mi, ohun tí ẹ sọ nípa Circe ló mú mi dá sí i. Ẹ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan ni. Obìnrin tí ń jẹ́ Circe yẹn wà nínú Odyssey, ewì àtijọ́ ilẹ̀ Gíríìsì ti Homer, apá kẹwàá. Ibẹ̀ ló ti sọ àwọn ọmọ ogun Odysseus di ẹlẹ́dẹ̀, ẹnu ọkùnrin náà la sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Madeline Miller dé ní 2018, ó ní kí obìnrin náà wá rojọ́ tirẹ̀. Bí èèyàn kò bá gbọ́ ti ọkùnrin rí, báwo ni yóò ṣe mọ ohun tí obìnrin yẹn ń dáhùn? Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Méjì-méjì ni mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ka irú ìwé yìí: ti àtijọ́ àti àtúnsọ rẹ̀, kí èkíní má ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ sí èkejì. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí mo mọ̀ jù hàn yín.

Wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré Ola Rotimi, The Gods Are Not to Blame, ní Ifẹ̀ níbí ní 1968. Ó di ìwé ní 1971. Ìtàn Oedipus tí Sophocles kọ ní ilẹ̀ Gíríìsì ni: ọmọ tí wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ pé yóò pa bàbá rẹ̀, yóò sì fi ìyá rẹ̀ ṣe aya. Ní ti Sophocles, ọ̀nà ni ọmọ àti bàbá torí rẹ̀ jà. Oríta mẹ́ta ni, kẹ̀kẹ́ ẹṣin ń bọ̀, ta ni yóò yà fún ta? Ní ti Rotimi, oko ni. Ọdẹ́wálé, Oedipus ti Rotimi, bá bàbá arúgbó kan tí kò mọ̀ pé òun ló bí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wa iṣu nínú oko tí ó fowó ara rẹ̀ rà. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn. Bàbá yìí wá fi ẹ̀yà tí ó rò pé ọ̀dọ́kùnrin náà ti wá bú u, ó fi bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yà yìí ló fa ikú.

Kí ló dé tí ó fi yí ìjà ọ̀nà padà di ìjà ẹ̀yà? Ẹ tún ọdún yẹn wò. 1968: ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ ní Nàìjíríà. Ojú aráàlú tí ń wo eré náà ló ń bá wí.

Girama ni mo wà nígbà tí mo kọ́kọ́ ka Rotimi, n kò sì tíì gbọ́ orúkọ Sophocles rí. Mo rò pé ìjà iṣu lásán ni. Ó tó ọdún mẹ́wàá kí n tó ka ti Gíríìsì. Mo dé ibi oríta mẹ́ta yẹn, mo gbé ìwé lé itan, n kò lè ka ọ̀rọ̀ míì mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé ibi tí atúnsọ bá ti yà kúrò ní ojú ọ̀nà àtijọ́, ibẹ̀ gan-an ló fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí. Ẹni tí kò bá mọ ojú ọ̀nà kò ní mọ ibi tí wọ́n ti yà.

Nítorí náà, ẹ dín in kù sí 16, kí ẹ máa kà á ní méjì-méjì. Márùn-ún ti wọlé, ó ku 11. Kí Odyssey ṣe ìkẹfà, kí Circe lè rí èkejì rẹ̀. Ìtumọ̀ tí Samuel Butler ṣe wà lórí Project Gutenberg lọ́fẹ̀ẹ́. Bí owó bá wà, ìtumọ̀ Emily Wilson tó jáde ní 2017 rọrùn fún etí òde òní jù ú lọ.

Ẹnjiníà Ìlọrin

Mo kí olùkọ́ wa. Mo fara mọ́ ọn lórí ìtàn ìwáṣẹ̀. Ti sáyẹ́ǹsì yàtọ̀ o. Kò ní ìyá kan tí a ó kọ́kọ́ lọ kí. Ìbéèrè tí mo máa ń gbé dání wọ inú rẹ̀ ni pé, kí ni ohun kan tí òǹkọ̀wé yìí yí padà nínú ayé, kí ló sì tẹ̀yìn rẹ̀ yọ?

Ẹ wo Rosewater ti Tade Thompson, tó gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019. Nàìjíríà ni, ọdún 2066. Ohun tí ó yí padà ni pé nǹkan kan ti òde ayé wá, ó jókòó sórí ilẹ̀ wa bí igbá ńlá tí wọ́n dà dé. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni igbá yìí ń ṣí, gbogbo aláìsàn tó bá wà nítòsí rẹ̀ a sì rí ìwòsàn. Ó tán. Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀lé e: ìlú ńlá hù yí i ká, àwọn èèyàn ń rọ́ wá láti ibi gbogbo, àwọn òkú ibẹ̀ kò sì gbádùn ibojì wọn. Ẹni tó bá ti dúró rí níbi tí ogunlọ́gọ̀ ti ń retí ìyanu yóò mọ̀ pé òótọ́ ni bàbá yìí kọ.

Tàbí Lagoon ti Nnedi Okorafor, 2014. Ọba kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn yẹn, sójà kọ́. Ẹja ni, ẹja tí ẹnu rẹ̀ rí bí idà, lójú òkun Èkó. Inú ń bí i sí páìpù epo tó ń ba omi rẹ̀ jẹ́, ó sì fi ẹnu gún un. Ìgbà tí àjèjì wá gúnlẹ̀ ní Bar Beach, àwọn ẹja ni wọ́n kọ́kọ́ bi pé kí ni wọ́n ń fẹ́. Orúkọ tí wọ́n fún àjèjì yẹn ni Ayọ̀délé. Mo ka ojú ewé yẹn sókè fún ìyàwó mi.

Fún ẹni tí àsìkò há mọ́, ẹ fi Binti, ti Okorafor náà, bẹ̀rẹ̀. Ìwé tín-ín-rín ni, kò tó ojú ewé 100, ó sì gba ẹ̀bùn Hugo àti Nebula. Lẹ́yìn rẹ̀, The Time Machine ti H. G. Wells, 1895, òun náà kò gùn, ọ̀fẹ́ ni lórí Gutenberg. Ìwé ìròyìn Omenana náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2014, àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ló ń kọ ọ́, ẹ lè ka ìtàn kan tán kí bọ́ọ̀sì tó kúrò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìwé kékeré kì í ṣe ìwé.

Nọ́ọ̀sì Òru

Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, ẹ forí jì mí o. Ó ní ìyá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé lára Frankenstein ni ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ti ṣẹ̀. Ọmọ ọdún 18 ni Mary Shelley nígbà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1816, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1818. Ẹ wo iwájú ìwé náà dáadáa, orúkọ rẹ̀ kò tán síbẹ̀: Frankenstein, or, The Modern Prometheus. Prometheus òde òní ló pè é. Prometheus yẹn ni ìtàn ìwáṣẹ̀ Gíríìsì sọ pé ó fi amọ̀ mọ ènìyàn, ó tún jí iná lọ́run fún wọn. Àtúnsọ ìtàn ìwáṣẹ̀ ni ìwé yìí ń ṣe, iná mànàmáná àti ìmọ̀ oníṣègùn ló kàn dé ipò amọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kà á. Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni mo wà, iṣẹ́ alẹ́. Gbogbo wọn ti sùn. Mo dín iná fóònù kù, mo fi í sábẹ́ tábìlì. Mo dé orí karùn-ún, níbi tí ọkùnrin yẹn ti parí ohun tí ó ń mọ. Aago kan òru ni nínú ìwé, òjò ń rọ̀ sára fèrèsé, àbẹ́là rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ jó tán. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀ ni lọ́dọ̀ tèmi. Ẹ̀dá yẹn la ojú kan, ojú pípọ́n-rẹ́súrẹ́sú. Ẹni tó mọ ọ́n wò ó, ó rí i pé kò lẹ́wà, ó sì sá jáde nínú yàrá. Ó fi í sílẹ̀. Kò sọ ọ́ lórúkọ.

Omi bọ́ lójú mi. Afín ni àbúrò mi obìnrin. Ilé wa ni mo ti gbọ́ pé Ọbàtálá ló ń mọ ènìyàn, pé ó mu ẹmu lọ́jọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó mọ abuké, ó mọ arọ, ó mọ afín. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kò sá. Ó ní tòun ni gbogbo wọn, ó sì kọ ẹmu sílẹ̀ títí láé. Títí dòní àwọn ọmọ rẹ̀ kì í mu ún. Ẹni òòṣà là ń pe irú wọn. Bí ẹnì kan bá ń wo àbúrò mi ní àwòtúnwò lọ́jà, ìyá wa á ní, "Ọ̀wọ̀ òòṣà la fi í wo afín." Gbogbo wàhálà tó kún inú ìwé Frankenstein kò bá má ṣẹlẹ̀ ká ní ọkùnrin yẹn ṣe bí Ọbàtálá ṣe ṣe, kó dúró nínú yàrá.

Àǹtí Mókọ́lá, méjì tí mo fún yín nìyẹn. Ọ̀kan wà nínú ìwé, ẹ wá ẹni tó mọ èkejì kó sọ ọ́ fún yín lẹ́nu.

Ẹnjiníà Ìlọrin

Mo gbà. Yunifásítì ni mo ti ka ìwé yẹn, mo sì fo iwájú rẹ̀ lọ sí orí kìíní. N ó tún un kà lóṣù yìí.

Ará Peckham

Ẹ kú ọ̀rọ̀ dídùn o. Tèmi kò gùn. Bí ohun tí Goodreads ń sọ fún yín bá ń mú ọkàn yín wúwo, ẹ wo StoryGraph. Nadia Odunayo ló dá a sílẹ̀. Ó gbà yín láyè láti fi ojú ewé tàbí wákàtí ṣe ìpèníjà dípò iye ìwé. Ojú ewé 7,300 tí Ìyá Ìbejì ṣírò yẹn, ẹ lè kọ ọ́ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, ìwé gbọ̀ọ̀rọ̀ kò ní máa fìyà jẹ yín.

Àwa tí a wà ní London níbí, káàdì láíbìrì àdúgbò la fi ń yá ìwé lórí Libby lọ́fẹ̀ẹ́, ti kíkà àti ti etí gbígbọ́. Orí bọ́ọ̀sì ni mo ti ń gbọ́ tèmi. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, àlòkù ni kí ẹ rà, kí ẹni mẹ́rin dáwó ra ẹyọ kan, kó máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Ọmọ Awo, Òṣogbo

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì. Ìkìlọ̀ kan ni mo ní, tìfẹ́tìfẹ́ ni.

Àtúnsọ tó ń lo òrìṣà wa pọ̀ lọ́jà báyìí, inú mi sì ń dùn sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà wọ́n tán kí ẹ rò pé ẹ ti mọ òrìṣà. Ìtàn Ọbàtálá tí Nọ́ọ̀sì sọ, ibòmíràn wà tí wọ́n ti ń sọ pé ojú ọ̀nà ló ti mu ẹmu, nígbà tó ń bọ̀ wá dá ilẹ̀ ayé, tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ náà ṣe. Ìlú sí ìlú, ìdílé sí ìdílé ni. Ẹ wo Yemọja: nílé, odò Ògùn ni tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ sí Brazil àti Cuba, òkun ló di tirẹ̀ níbẹ̀. Ní Salvador, òkun ni wọ́n ń gbé ẹ̀bùn rẹ̀ lọ ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì. Ọ̀pọ̀ ìwé tuntun, Yemọja olókun yẹn ni wọ́n ń kọ. Kì í ṣe irọ́. Ẹrú tó la òkun kọjá ló tún ìtàn náà sọ, ó yẹ kí ẹ mọ ẹni tó sọ ọ́.

Èyí tí n kò lè fara mọ́ ni kí ẹ bá Èṣù nínú ìwé kan, kó jẹ́ ọ̀gá àwọn ẹni ibi. Inú Bíbélì Yorùbá la ti rí ìyẹn. Èṣù ni Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi túmọ̀ orúkọ bìlísì. Èṣù tí a mọ̀, òjíṣẹ́ ni, òun ló ń gbé ẹbọ dé ọ̀run. Kí ẹ lè ní ohun tí ẹ ó fi wọn àtúnsọ, ẹ wá Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá ti Wándé Abímbọ́lá, ẹ máa ka ẹsẹ kan lóòjọ́. Kò yá kíkà. Ẹ má fi kún iye ìwé yín, ẹ kàn jẹ́ kó wà nítòsí.

Ọmọ Mókọ́lá

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè kan ṣì kù. Bàbá mi fi Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ sílẹ̀ fún mi, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Ṣé ó lè wọ inú ìpèníjà yìí? Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbólóhùn rẹ̀ gùn, mo sì jáwọ́.

Bàbá Oníwèé

Ọmọ mi, ṣe o fi ojú lásán kà á ni? Ìdí nìyẹn. Ẹnu la fi ń ka Fágúnwà. Bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, bí ẹni ń sọ ọ́ fún ọmọdé tó jókòó síwájú rẹ. Nígbà tó o bá dé ibi tí gbólóhùn gùn, máa mí níbi tí àmì wà, wàá rí i pé ìlù ló ń lù. Ọdún 1938 ló jáde, nígbà tí àwa kò ní rédíò nílé. Ẹnì kan a máa kà, gbogbo agboolé á jókòó. Bàbá mi ló ń kà á fún wa, ibi tí Àkàrà-ògùn ti pàdé Àgbákò ojú mẹ́rìndínlógún, àwa ọmọdé a sún mọ́ra.

Mo ti gbọ́ ohun tí olùkọ́ sọ nípa méjì-méjì. Mo fẹ́ fún ọ ní èkejì ìwé yẹn. Ìtàn ìwáṣẹ̀ Gíríìsì kan wà nípa Jason: ó kó àwọn akọni jọ sínú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Argo, oníkálukú pẹ̀lú ẹ̀bùn tirẹ̀, wọ́n ń lọ wá ohun iyebíye nílẹ̀ òkèèrè. Akọrin kan wà nínú wọn, Orpheus; nígbà tí ohùn àwọn obìnrin inú òkun fẹ́ fa ọkọ̀ lọ sínú ìparun, orin tirẹ̀ ló borí. Wá wo àwọn ọdẹ Fágúnwà tó ń lọ sí Òkè Láńgbòdó. Kàkó ní agbára, Ìmọ̀dóye ní ọgbọ́n, ta ló sì wà láàárín wọn? Olóhùn-iyọ̀! Nílẹ̀ Gíríìsì àti nílẹ̀ wa, àwọn àgbà mọ̀ pé ẹ kò lè lọ sí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ láìmú akọrin dání.

Lẹ́yìn náà, ka Tutùọlá, The Palm-Wine Drinkard, 1952. Ibi arẹwà ọkùnrin tó yá gbogbo ẹ̀yà ara, tó ń dá wọn padà fún onílé lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà títí ó fi ku agbárí lásán: ìyá rẹ àgbà ti pa àlọ́ yẹn fún ọ. Rántí ohun tó sọ, kí o tó ka ti Tutùọlá. Ìyá àgbà ni èkejì ìwé yẹn.

Ọmọ Mókọ́lá

Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú wa. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọgbọ́n yín, ìkúnlẹ̀ ni tèmi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Mo ti sọ 24 di 16. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo fi rúlà fa ìlà sí àárín ojú ewé kọ̀ọ̀kan: ti àtijọ́ lápá kan, àtúnsọ lápá kejì, mo sì ń kọ ibi tí wọ́n ti yà sí àárín. Wákàtí ìjẹun ọ̀sán níbi iṣẹ́ ni ọjọ́ tèmi ń dá. Mo ń ka 20 mi nínú mọ́tò ọ̀gá wa tó máa ń wà lábẹ́ igi, awakọ̀ rẹ̀ ló gbà mí láyè. Odyssey ti tán. Mo tún Circe ṣí, mo wo ibi àwọn ẹlẹ́dẹ̀ nìkan, mo sì rí ohun tí ojú mi fò lóṣù Kẹta: nínú èyí, a rí ibi tí àwọn ọkùnrin kan ti ṣe sí i kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wọ́n di ẹlẹ́dẹ̀. Homer kò sọ ìyẹn.

Ohun tó kàn ni Oedipus àti Ola Rotimi, lẹ́yìn wọn Frankenstein, Lagoon, Binti, Rosewater, Time Machine, Tutùọlá. Ògbójú Ọdẹ ti bẹ̀rẹ̀ lálaalẹ́, mò ń kà á sókè, bàbá onílé wa ti ń gbé àga wá sí ẹnu ọ̀nà mi ní aago mẹ́jọ. Lánàá, ó ṣe àtúnṣe bí mo ṣe pe ọ̀rọ̀ kan, ó ní bàbá òun kì í pè é bẹ́ẹ̀.

Àyè ìwé kan ṣoṣo ló ṣófo nínú 16 yẹn. Ta ló ní Igbó Olódùmarè n'Íbàdàn tí mo lè yá? N ó fi páálí tuntun di èyí tí mo bá yá.